Ẹni Tó Ń Jẹ́ TAO

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n tó máa ń gbé fóònù wọ kíláàsì Alhaja Afusat. Àwọn tó dán an wò mọ ohun tí ojú wọn rí. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni, ìṣirò ló ń kọ́ wọn, dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ sì kún fún fóònù tó gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ débi pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́sàn-án, èèyàn á rò pé kòkòrò ló há síbẹ̀. Nínú ìpàdé àwọn òbí, á dìde, á tún ìborùn rẹ̀ ṣe, á sì sọ fún wọn pé géèmù ni yóò ba ìran yìí jẹ́. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Òun náà á jókòó, á wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ fìrí, á sì gbójú kúrò, nítorí ó mọ ohun tí ọwọ́ náà ti ṣe rí.

Ní ọdún 1984, nígbà tí Afusat jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbọ̀ngàn géèmù kan wà ní Ìtìrẹ́, tí ẹ̀rọ mẹ́fà dúró sí bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Èyí tó wà ní igun ni gbogbo èèyàn ń tò sí. Orúkọ òkèèrè kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè pè, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alákàn. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà nísàlẹ̀ gíláàsì rẹ̀. Akàn á máa ya bọ̀ láti òkè ní ẹsẹẹsẹ. Èèyàn á máa fi ọ̀pá kékeré kan tó lórí pupa darí ọkọ̀, á sì máa fi bọ́tìnì yìnbọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn. Bí akàn bá ti jẹ ẹ̀kẹta, eré parí. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga, ẹ̀rọ á ní kó kọ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ̀rọ á gbàgbé gbogbo rẹ̀, onígbọ̀ngàn a máa fi ẹfun kọ àwọn lẹ́tà náà sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà.

Fún ọdún méjì gbáko, ADE ló wà ní ipò kejì lórí pátákó náà. Ẹni tó wà lókè ADE ni TAO.

Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló gbà pé Taofeek, ẹ̀gbọ́n Afusat, ni TAO. Taofeek alára kò lè pa akàn mẹ́wàá kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Afusat ni. Ilé kéú ni bàbá wọn rò pé ó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdeè. Á gbé wàláà rẹ̀ dání, á gba ẹ̀yìn ilé kéú kọjá, á sì bọ́ sí gbọ̀ngàn náà nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, tí onígbọ̀ngàn ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ní kó kọ lẹ́tà mẹ́ta, AFU ló fẹ́ kọ. Ó wá ronú kan bàbá wọn. Ló bá kọ TAO, pé bí pàṣán bá máa sọ̀, kó sọ̀ lé ẹni tó lorúkọ.

Pàṣán sì sọ̀ lóòótọ́. Àbúrò bàbá wọn kan kọjá níwájú pátákó, ó délé, ó ròyìn. Ẹgba mẹ́fà ni Taofeek jẹ. Ó ti mọ ẹni tó ṣe é, ó sì ti pinnu láti tú u fó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ nígbà tó jáde síta, àwọn ọmọkùnrin tí kì í kà á sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ọ̀kan tilẹ̀ ra ẹ̀pà fún un. Taofeek jẹ ẹ̀pà náà, ó pa ẹnu dé. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn: Afusat mú eré, Taofeek mú ẹgba àti òkìkí.

Òkìkí náà kò bá gbọ̀ngàn kógbá sílé. Taofeek gbé e lọ sí Pólì, ibẹ̀ ló ti fi yangàn fún Ọlákẹ́mi tó padà wá di ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e lọ síbi ìkómọ àti ibi ìṣílé. Bó bá sì ti ń tún ìtàn náà sọ ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Afusat a máa jókòó síbẹ̀, a máa gbọ́, a máa bu omi mu. Òun ti rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Ìgbà tó ń dúró níwájú Alákàn ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé akàn ń sọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, lẹ́yìn náà ní mẹ́ta, àti pé lẹ́yìn ìbọn kẹtàlélógún ni akàn ńlá ń jáde. Ó ń kà á lójú ọ̀nà, ó ń kà á lójú oorun. Kíkà yẹn ló kà á dé yunifásítì tó fi gboyè nínú ìṣirò. Títí dòní, bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa nọ́ńbà tó ń tẹ̀léra, akàn ló ń yà sójú pátákó. Àwọn ọmọ rò pé ó kàn fẹ́ràn oúnjẹ inú omi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Kejì, Taofeek wọ ẹ́sítéètì tí Afusat ń gbé ní Addo, ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta àti bàrà kan dání. Afusat wo èso náà, ara fu ú. Bọ̀dá Taofeek kì í gbé nǹkan wá sílé èèyàn bí kò bá ní ohun tó fẹ́ gbé lọ. Ó jókòó, ó yin kọ́tìnnì, ó yin omi tí wọ́n fún un mu pé ó tutù dáadáa. Afusat dúró dè é.

Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adétòkunbọ̀, tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Free Zone to ẹ̀rọ, tó sì ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré létí òkun ní Eleko. Òun ni ADE ọjọ́sí. Ó rí òkú Alákàn méjì rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, ó wá ẹni tó tún ọ̀kan ṣe, ó sì gbé e sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù àwọn ọmọ Ìtìrẹ́ àtijọ́ pé ó ti tó ogójì ọdún tí òun ti ń ṣe ipò kejì sí ẹni tí òun kò bá díje lójúkojú rí. Ó ní ẹni tó bá mọ ibi tí TAO wà, kó ṣàánú òun.

“Ẹ sì dákẹ́, àbí?” ni Afusat wí.

“Mo ní èmi rèé.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Ọlákẹ́mi jókòó tì mí, Afusat. Ó ń wo fóònù mi. Kí lo fẹ́ kí n kọ?”

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ìdíje sí. Ọlákẹ́mi ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjèèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí wọ́n wá wo ọkọ òun. Afusat rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá àga mú. Taofeek jẹ́ kó rín in tán, ó wá gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, pé kó kọ́ òun. Ó ní òun jẹ ẹgba mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ò sì sọ. Afusat ní ó ti fi ogójì ọdún jẹ èrè rẹ̀. Taofeek ní ẹ̀yìn òun ló gba pàṣán, ẹ̀yìn Afusat kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú kí Afusat gbà. Nígbà tí Taofeek dárúkọ Alákàn pé ó tún ti ń ṣiṣẹ́, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Afusat bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apá àga fúnra rẹ̀, ó sì tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ló ń ṣe é.

Ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe ni Clement, ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lójú títì Addo. Òkú kejì ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti jí òun náà díẹ̀, àmọ́ àwọ̀ ewé nìkan ló ń hàn lójú rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì le bí orógùn inú ẹ̀kọ tó ti dì. Afusat lọ bá a, ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ rántí ohun àtijọ́ díẹ̀. Clement fún wọn láàyè lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo tó bi í ni bóyá òun lè jókòó wò.

Ó jókòó wò ó, ó gbádùn ara rẹ̀. Taofeek di ọ̀pá náà mú bí ẹni tó ń gún iyán. Bí akàn bá ya sí ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ á yà sí ọ̀tún, ọkọ̀ nìkan ni kò ní kúrò lójú kan. Afusat ní kó ka akàn. Ó ń kà á lóòótọ́, ó ń kà á sókè, akàn sì ń jẹ ẹ́ bó ti ń kà á lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó lu ẹ̀rọ náà lábàrá, Clement sì bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé àgbàlagbà ni ẹ̀rọ náà. Afusat ń bá a wí bó ṣe ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí, ìyàtọ̀ kan tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún un: ẹ dìde, ẹ má tẹrí ba, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ẹ tún un ṣe. Taofeek, agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ọgbọ̀n bíríkìlà àti kápẹ́ńtà kiri láti Sangotedo dé Ìbèjú, tó jẹ́ pé bó bá jágbe, wọ́n á gbọ̀n, wá dúró bí ọmọdé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Afusat kò ní purọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí Taofeek bá ti lọ tán, òun náà á dúró sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ọjọ́ kejì, ó dé ìpele kẹrin. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Tiwaladé lẹ́yìn kíláàsì, ó rí i pé géèmù ni ọmọ náà ń ṣe, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan nísàlẹ̀, àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń ya bọ̀ láti òkè. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àwọ̀ pọ̀ sí i, ariwo pọ̀ sí i, àmọ́ Alákàn ni, ọmọ-ọmọ Alákàn. Wọ́n ṣì ń sọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi wákàtí kan dáná sun gbogbo wọn. Nígbà tí Tiwaladé padà wá bẹ̀bẹ̀, ó dá fóònù náà padà fún un láìbá a jà rárá. Ọmọ náà wo máàkì tó wà lórí rẹ̀, ó wo Alhaja, ó tún wo máàkì náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Taofeek alára gbà pé òun kò lè kọ́ ọ. Ó wá mú ọgbọ́n mìíràn wá. Yóò di báńdéèjì mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, yóò ní pákó ló já lu òun níbi iṣẹ́, yóò wá ní kí àbúrò òun tó tẹ̀ lé òun wá bá òun di ọ̀pá mú, kí òun máa sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ojú gbogbo ayé, TAO ló ṣì ń ta géèmù náà.

Afusat rò ó díẹ̀, ó gbà, ó ní àmọ́ ohun kan wà. “Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe gan-an ni n ó ṣe, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n.”

Taofeek rò pé ọ̀wọ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ní Sátidé, èèyàn bí ọgbọ̀n ló ti wà lábẹ́ àtíbàbà òtẹ́ẹ̀lì náà kí wọ́n tó dé. Àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, ara wọn ṣì rin gbingbin fún omi òkun. Àwọn apẹja bíi mélòó kan ti fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lórí iyanrìn wá wòran. Clement wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Alákàn dúró láàárín wọn, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Adétòkunbọ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ní irùngbọ̀n funfun, tó ń rìn kiri bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ. Láàárọ̀ yẹn ló ti ta á, ó sì ti kó ẹgbàá lọ́nà ogún máàkì ó lé díẹ̀. Clement kọ ọ́ sára páálí: 41,300. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ló borí.

Taofeek wọlé pẹ̀lú báńdéèjì títí dé ìgúnwọ́. Ọlákẹ́mi mú un lápá kejì bí ẹni mú ẹyin. Láàárọ̀ yẹn ló ti fi omi gbígbóná tẹ ọwọ́ náà fún un lẹ́ẹ̀mejì, Taofeek sì ti ké bí ó ti yẹ kó ké. Adétòkunbọ̀ rí báńdéèjì, ojú rẹ̀ rọ. Ó ní kò burú, ìlera ló ṣe pàtàkì, àwọn yóò sún un síwájú, ì báà jẹ́ oṣù méjì, ì báà jẹ́ mẹ́ta, òun ti ṣe sùúrù ogójì ọdún.

Taofeek kò retí ìyẹn. Ó sáré ní kò pọn dandan, àbúrò òun obìnrin yóò jẹ́ ọwọ́ fún òun. Ó nawọ́ sí Afusat. Ó ní kò fọwọ́ kan géèmù rí láyé rẹ̀, olùkọ́ ni, ọ̀tá géèmù tilẹ̀ ni, àmọ́ bí òun bá ti ń darí rẹ̀, kò séwu. Afusat wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Wọ́n gbé àga kan fún un, wọ́n gbé òmíràn fún Taofeek lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ọlákẹ́mi sún wá síwájú. Clement tẹ̀ ẹ́, akàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya bọ̀.

“Lọ sí ọ̀tún,” ni Taofeek wí.

Afusat lọ sí ọ̀tún. Ó lọ títí ó fi kan ògiri, ó dúró síbẹ̀, ó ń retí àṣẹ mìíràn. Akàn kan rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

“Yìnbọn.”

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, ó tún dúró. Akàn náà jẹ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Máàkì ọgọ́ta. Ẹnìkan lẹ́yìn rín ẹ̀rín sínú ife.

Taofeek ní kó má dààmú, ìyẹn jẹ́ ìdánwò. Ọkọ̀ kejì jáde. Ó ní kó lọ sí òsì, ó lọ sí òsì. Ó ní kó máa yìnbọn, ó ń yìn ín láìdáwọ́ dúró, ó ń yìn ín sí àyè tó ṣófo, ìka rẹ̀ kò kúrò lórí bọ́tìnì. Ẹ̀rù ba Taofeek, ó ní, “Dúró, dúró.” Afusat dúró. Akàn mẹ́rin sọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n Ọlákẹ́mi àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó bi í láìfi bò pé ṣé ọkùnrin yìí ni wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Sùúrùlérè.

Òógùn bo Taofeek. Ó ku ọkọ̀ kan. Akàn tuntun ti ń tò lókè. Afusat yíjú sí i pẹ̀lú ojú tó mọ́ lóló, ó sì bi í kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

“Kí ni kí n ṣe báyìí, Bọ̀dá?”

Taofeek wo Ọlákẹ́mi. Ó wo Adétòkunbọ̀ tó ti ká apá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú bí ẹni tí wọ́n tà ní ọjà ẹ̀tàn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀.

“Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é,” ló wí.

Afusat bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi lé Taofeek lọ́wọ́. Ó wá gbá ọ̀pá náà mú pẹ̀lú ìka mẹ́ta péré, bí ẹni tó mú abẹ́rẹ́.

 Ọkọ̀ kékeré náà kò sáré, kò gbọ̀n, ó kàn máa ń wà níbi tí akàn kò sí ni. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́ta. Afusat ń kà á nínú, ó ń yà fún wọn kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìbọn kẹtàlélógún, ọkọ̀ rẹ̀ ti ń dúró de akàn ńlá kí ó tó yọrí. Àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ìpele kẹfà ló gbàgbé pé yẹ̀yẹ́ lòun wá fi Bọ̀dá òun ṣe. Ó gbàgbé àwọn àna, ó gbàgbé ilé-ìwé. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ogójì ọdún ló ti ń bọ̀ wá sí ẹ̀yìn gíláàsì yìí láìmọ̀, gbogbo ohun tó mọ̀ nígbà náà sì ṣì wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ìpáàrà bà jẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dàgbà. Ó ń jó o bí iná, ìyẹn kò sì dá a dúró.

Ó gbọ́ ohùn Clement lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka máàkì: ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ dín... Clement ṣì í kà, ó padà sí ti òyìnbó. Thirty-six. Thirty-nine. Forty-one. Ariwo kan sọ nígbà tó kọjá ti orí páálí, Afusat kò wẹ̀yìn. Ní ìpele kẹsàn-án, akàn kan yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí ojú rẹ̀ kò ti ríran tó bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ ọkọ̀ náà. 43,850.

Ẹ̀rọ béèrè lẹ́tà mẹ́ta.

Ọwọ́ Afusat kò dúró rò ó. Ó gbé T kalẹ̀. Ó ti ń lọ síbi A kí ọwọ́ kan tó dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ ńlá tí wọ́n di báńdéèjì mọ́, ó sì dì í mú ṣinṣin bí ọwọ́ tí pákó kankan kò fara kàn rí.

“Pa ìyẹn rẹ́,” ni Taofeek wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Kọ orúkọ ẹ.”

Afusat wò ó. Ojú rẹ̀ kún fún omi díẹ̀, ó ní awò ojú òun dà. Ó da ọ̀pá náà sẹ́yìn, ó pa T rẹ́, ó kọ AFU.

Ọlákẹ́mi kò wo lẹ́tà. Ọwọ́ tó ní báńdéèjì ló ń wò. Ó rọra wá, ó tú aṣọ náà láti orí dé ìdí, ó yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí ojú ọgbẹ́ kan. Ó bi ọkọ rẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Taofeek sì rò ó fún wọn pátá: ilé kéú, pátákó, ẹgba mẹ́fà, ẹ̀pà. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kódà ó tún ń fi iyọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn tí inú èèyàn ò bá dùn sí i.

Nígbà tó parí, Ọlákẹ́mi ní òun kò fẹ́ ẹ nítorí akàn. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ bí géèmù náà ṣe rí nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ ló dùn létí òun, ẹnu náà kò sì tíì dákẹ́. Àmọ́ omi gbígbóná tí òun fi tẹ ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan láàárọ̀ yìí, tí òun fi ń sunkún, ìyẹn ní owó ìtanràn. Ó ní láti ọ̀la, ọwọ́ méjèèjì tó yá gágá yìí ni yóò máa dáná nínú ilé àwọn títí oṣù yóò fi parí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oṣù kan kéré. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Taofeek jókòó kó ta á fún àwọn rí. Ó ta á. Kò tó ìṣẹ́jú kan, akàn ti jẹ ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n Ọlákẹ́mi àgbà sì ní láti jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn nítorí ẹ̀rín.

 Adétòkunbọ̀ fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Afusat, ó jókòó. Ó sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ti gbọ̀ngàn Ìtìrẹ́ pa, òun kò lè sùn, torí òun gbà pé àṣírí kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí TAO mọ̀. Òun tú rédíò bàbá òun wò, òun tú ti alájọgbé, òun jẹ ìyà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ lòun gbà dé ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bọ́ òun títí dòní. Gbogbo ilé iṣẹ́ tí òun ti to ẹ̀rọ fún, Alákàn lòun ń wá nínú wọn.

“Kò sí nínú ẹ̀rọ, sà,” ni Afusat wí. “Kíkà ni.”

“Kíkà kí ni?”

Afusat kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n gbé ẹja yíyan wá, wọ́n jẹun. Kí oòrùn tó wọ̀, Taofeek ti wà láàárín àwọn apẹja létí omi, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣòfò kí eré lè dùn.

Ọrùn ọwọ́ Afusat wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún wọn níléèwé pé òun ṣubú ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, fóònù rẹ̀ dún, Adétòkunbọ̀ ni. Ó kí i, ó béèrè àwọn ará ilé, ó béèrè ọwọ́, ó tún kí i. Ó wá ní òun kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu o, àmọ́ láti Sátidé lòun ti ń ta á, ìpele keje ni wọ́n ti ń jẹ òun, gbogbo ìgbà. Ṣé Alhaja lè ṣàánú òun, kí wọ́n sọ bí akàn ibẹ̀ ṣe ń rìn.

Afusat ní kò sí wàhálà. Ó ní kó mú bírò. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́ gidi, pé mẹ́rin ń sọ̀ láti ọ̀tún, mẹ́rin láti òsì, kí ó dúró sí àárín títí ẹ̀kẹjọ yóò fi kọjá. Adétòkunbọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run yóò bá òun san án. Afusat dá a lóhùn pé àmín, ó sì pa fóònù. Kò sọ ti mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé e.